Èmi Ni Mo Rán Ìyá Líádì

Ọ̀mù-Àrán,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Àmọ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí mo tún wá ń bẹ̀rù,

Mo kí ọ. Mo kí Hákíìmù àfẹ́sọ́nà rẹ. Mo kí ìyá àti bàbá rẹ̀ náà, bí wọ́n bá ṣì lè gba ìkíni lọ́wọ́ mi. Ara bàbá rẹ le, ara èmi náà le, ojú ló ń tì mí. N kò ní pẹ́ lórí ìkíni, torí mo mọ ara mi: bí mo bá pẹ́ níbẹ̀, n ó rí ọ̀nà sá.

Èmi ni mo rán Ìyá Líádì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá Hákíìmù. Nígbà tí o pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú yẹn, tí o ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin lẹ rán an?", tí mo ní, "Rárá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?", irọ́ ni mo pa fún ọ. Ìyá Líádì kò dá ìbéèrè kankan rò fúnra rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣirò.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi Yorùbá kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì la jọ máa ń kọ síra wa. Ṣùgbọ́n gbogbo irọ́ gidi tí mo ti pa láyé mi, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi pa á. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu jù, mo ti mọ ibi tí a ti ń yà nínú rẹ̀. Yorùbá ni n kò tíì mọ̀ débi tí n ó fi í bo nǹkan. O mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí tí wọ́n fi mú mi lọ sí Ìlú Ọba. Kò pé ọdún márùn-ún tí èdè fi tán lẹ́nu mi. Láti ọdún tó kọjá, bí tísà Yorùbá bá wọ kíláàsì àwọn ọmọ kékeré nílé-ìwé wa, èmi náà a gbé àga sẹ́yìn, n ó ṣí ìwé. Àwọn ọmọ náà kì í jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀kan wo ìwé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Mà, ẹ̀yin tí ẹ ń fún wa ní òdo nínú ìṣirò, ẹ wo òdo tiyín." Mo rẹ́rìn-ín, mo tún un kọ. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í nínú lẹ́tà yìí, fojú fò ó. Ẹ̀ṣẹ̀ mi tó tóbi kò sí níbẹ̀.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o lè mọ ohun tí o máa sọ fún wọn.

Ọjọ́ tí o fi ohùn ránṣẹ́ pé o ti rí ẹnì kan ní Màléṣíà, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní, "Mọ́mì, mo rí ẹnì kan, mo sì tún rí ara mi." O ní o ti mọ alùpùpù gùn. O ní o ti ń fi èdè wọn ná ẹja lọ́jà, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o ń ná ẹja bí ẹni ń gbàdúrà. O rẹ́rìn-ín nínú ohùn náà, irú ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ rí nínú ilé yìí, níbi tí o ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí o tó rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi dùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí mi lọ́kàn: "Ọmọ ta ni?"

O mọ bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa. Bí ọmọ ẹni bá mú ẹnì kan wá, a ó wá ẹni tí ojú rẹ̀ là, a ó rán an lọ sí ìlú ẹni náà. Á ṣe bí ẹni tó wá ra iṣu. Á jókòó, á gba omi mu, á wá máa bèèrè díẹ̀díẹ̀: ṣé wọn kì í jalè nílé yẹn? Ṣé kò sí àrùn tí ń bá wọn jà láti ìran dé ìran? Ṣé orí ẹnì kankan kò dàrú rí níbẹ̀? Ìwádìí nìyẹn. Níbí, kò sí ẹni tó ń bínú sí i, torí tọ̀tún-tòsì ló mọ̀ pé wọ́n ń wádìí òun. Ẹni tí wọ́n ń bi léèrè mọ ìdí tí wọ́n fi ń ra iṣu. Èmi gbé e lọ síbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, mo gbé e wọ ilé obìnrin tó rò pé oníbàárà ló wọlé tọ òun wá.

Ìyá Líádì kọ́kọ́ kọ̀ fún mi. O mọ̀ ọ́n, ọmọ Àrándùn tó ti pẹ́ ní Màléṣíà ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sínú.

Ó ní, "Ìyá Àmọ̀kẹ́, ibí kì í ṣe Àrándùn. Bí mo bá jókòó sílé ẹni níbí tí mo ń bèèrè wèrè, èmi gan-an ni wọn ó so mọ́lẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣáà fi ọgbọ́n ṣe é. Aránṣọ ni obìnrin náà. Ẹ gbé aṣọ dání, ẹ ní kó wọn yín."

"Ṣé ara mi yìí náà ni ó máa wọn? Téèpù rẹ̀ ò ní tó."

"Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́hun."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ará Bàbáńlá yìí. Ó dáa, nítorí Àmọ̀kẹ́ ni, kì í ṣe nítorí yín."

Ó gbé aṣọ lọ. Obìnrin náà fi ìjókòó lọ̀ ọ́, ó fún un ní tíì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ibi tí ó ti ń wọn èjìká rẹ̀ ni Ìyá Líádì ti ju ìbéèrè mi sílẹ̀, bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí wọn tí orí rẹ̀ kò pé rí. Ìyá Líádì sọ fún mi pé obìnrin náà kò jáwọ́ lára òun lójú ẹsẹ̀. Ó wọn èjìká náà tán. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní, "Ọkọ mi ni. Ó pẹ́ nílé ìwòsàn nígbà kan. Ó ń lo oògùn. Ó wà lẹ́yìn ilé báyìí, ó ń bomi rin òdòdó. Ṣé kí n pè é kí ẹ wò ó?"

Ìyá Líádì fi aṣọ sílẹ̀ níbẹ̀, kò padà lọ gbà á títí di òní.

Nígbà tó pè mí láti sọ fún mi, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní, "Mo ti bèèrè, mo ti rí èsì. Ẹ má rán mi níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé." Àmọ̀kẹ́, ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Inú mi dùn. Bí ẹni tó dẹ pàkúté tó sì gbọ́ tó ró. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ̀wé sí ọ pé ọ̀nà jìn, pé oúnjẹ wọn yàtọ̀ sí tiwa, pé bí o bá ti parí ẹ̀kọ́ rẹ kí o máa bọ̀ wálé. Ìwọ sì ń ronú lórí oúnjẹ. O kọ̀wé padà pé wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ náà, wọ́n ń fi àgbọn sè é. O rò pé mo fẹ́ kí o dá mi lójú nípa oúnjẹ.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, o lọ jẹun nílé wọn. Ìyá Hákíìmù sọ̀rọ̀ àlejò tó wá, o sì mọ̀ pé Ìyá Líádì ni. O fún wọn lésì, o ní, "Ìyá mi kò lè ṣe irú ẹ̀ láéláé." O fi mí búra lórí tábìlì oúnjẹ ẹlòmíì, o wá jáde síta láti pè mí kí n lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ọ.

Nítorí náà ni o fi lọ bá Ìyá Líádì jà. Nítorí náà ni o kò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, obìnrin tó gbà ọ́ sílé ní ọ̀sẹ̀ tí o kọ́kọ́ dé, tó ń bu ọbẹ̀ pamọ́ dè ọ́. Ó sì gbé e mì. Ó ní òun ni, ó ní àtojúbọ̀ òun ló pọ̀. Mo pè é láti dúpẹ́ pé kò tú mi fó. Ó ní, "Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ lọ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo ní fún ọ nìyí, kí ẹkún má tíì gbà á lẹ́nu mi: kí o tó ka lẹ́tà yìí dé ìparí, dìde, lọ sọ́dọ̀ Ìyá Líádì. Má ṣe fi fóònù ṣe é. Kúnlẹ̀ bí mo ti kọ́ ọ, kí o sọ pé ìyá rẹ ti jẹ́wọ́. Bí ó bá bú mi, jẹ́ kó bú mi tẹ́rùn. Má gbèjà mi.

Ó ku èyí tó le jù.

Ṣé o rántí obìnrin tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa ní Bàbáńlá, tó máa ń pa ẹ̀pà, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀? O tó ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ó pè ọ́, o lọ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di irun rẹ tí ó ti tú. Nígbà tí a ń bọ̀ nínú ọkọ̀, o bi mí pé ta ni. Mo ní ará ilé ni.

Ràbí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá kan náà, kò sì sí ẹlòmíì láàárín wa.

Ọdún méje ló fi jù mí lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Nígbà tó máa pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́-Ìpo wá fẹ́ ẹ, wọ́n ti mú ọjọ́ tí wọn yóò so yìgì. Láàárín ìgbà náà ni oorun dá lójú rẹ̀. Ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ó ń tú aṣọ rẹ̀ jáde nínú àpótí, ó tún ń tò ó padà, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará Àjàṣẹ́ rán ẹni wá wádìí. Ẹnì kan ládùúgbò sọ ohun tó rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìgbéyàwó ti túká. Bí a bá ń kọjá lọ síbi omi, mo ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń wí lẹ́yìn wa pé, "Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ." Òwe ni, àgbà ló pa á, mo mọ̀. Etí mi kò gbà á títí di òní. Ìyá mi ló bí i. Ó sì ṣe é bí.

Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní àbúrò kan ní Leeds, ó kọ̀wé sí i. Ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ènìyàn ni pé mo mọ̀wé, kí n lọ kàwé lókè òkun. Òótọ́ ni, mo mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi mú mi lọ ni pé kí orúkọ Ràbí má bàa lẹ̀ mọ́ mi lára, kí èmi lè rí ọkọ fẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, bàbá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ lọ́hùn-ún, ìwọ nìkan ni mo bí." Àgbà ló sọ ọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi kò tilẹ̀ júwe rẹ̀ rárá.

Leeds ni mo ti pàdé bàbá rẹ. Ní yunifásítì, níbi tí gbogbo wa ti ń fọṣọ. Ó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ mi, ó bi mí ní Yorùbá pé ọmọ ibo ni mí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé Bàbáńlá. Ọmọ Èṣìẹ́ tó jẹ́, ẹnu rẹ̀ kò lè dákẹ́. Ó ní, "Ará Bàbáńlá tí kò gbọ́ Ìgbómìnà. Ìwọ yìí, iyán tí wọ́n fi ṣíbí jẹ ni ọ́." Inú bí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin mo tún kó aṣọ tó ti mọ́ lọ síbi ìfọṣọ kí n lè rí i. Bí ìwọ bá rò pé alùpùpù nìkan ni wọ́n fi ń wá ìfẹ́, ìyá rẹ fọ aṣọ mímọ́.

Ó ní ọmọ ìyá mẹ́jọ. Ó kà wọ́n fún mi lórí ìka, ó sọ èyí tó ń hanrun àti èyí tó ń jí ẹran nínú ìkòkò. Ó wá ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Èmi nìkan."

Àánú mi ṣe é, Àmọ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn àbúrò rẹ̀ bá kọ lẹ́tà sí i, á mú un wá, á kà á fún mi, kí èmi náà lè rí ọmọ ìyá pín. Mo jókòó, mo ń gbọ́. Mo ń rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ.

Lọ́jọ́ kan, ó wà pẹ̀lú mi nílé àbúrò bàbá mi, fóònù dún. Mo gbé e. Ràbí ni. Wọ́n ti mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń pe fóònù ní Ìlọrin lẹ́yìn tí wọ́n gba oògùn rẹ̀. Ìgbómìnà ló ń sọ, ó ń yára sọ ọ́, ó ń pè mí ní orúkọ tí òun nìkan fi ń pè mí. N kò gbọ́ ju orúkọ yẹn lọ. Bàbá rẹ ní, "Ta ni?" Mo ní wọ́n ṣi nọ́ńbà ni. Mo gbé fóònù sílẹ̀ tí ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

O ní o ti rí ara rẹ lókè òkun. Èmi náà rí ara mi níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù yẹn. N kò fẹ́ràn ẹni tí mo rí, mo sì ti gbé e kiri fún ọdún tó lé ní ogún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa ní Bàbáńlá, ilé kún. Mo wo gbogbo ojú tó wà níbẹ̀. Ràbí kò sí. N kò bi ẹnì kankan pé níbo ló wà.

Ìmọ̀ràn kejì, tàbí ìkẹta, n kò kà á mọ́: má ṣe fún Hákíìmù ní ìyàwó tí kò sí láyé. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ènìyàn kúrò nínú ìtàn rẹ kí o lè dára lójú ẹni tí o fẹ́, àánú rẹ ni yóò máa ṣe é, á máa ṣàánú ẹni tí kì í ṣe ìwọ. Ìwọ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ebi ìfẹ́ yóò máa pa ọ́ níbi tí oúnjẹ wà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Lórí bàbá Hákíìmù: má bẹ̀rù rẹ̀, má sì ṣe bí ẹni pé o kò gbọ́. Bi ìyá rẹ̀ ní ojúkojú, ní àkókò tí òun bá fẹ́: irú àìsàn wo ni, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bí ó bá ń bọ̀, oògùn wo ló ń bá a lára mu. Kí o sọ fún Hákíìmù pé nílé tiwa náà ó wà. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ rí dókítà, kí ẹ bi í nípa ọmọ tí ẹ máa bí. Bí dókítà bá sọ ohun tó ń bani lẹ́rù, ẹ jọ gbọ́ ọ lójú kan náà. Ìwádìí gidi nìyẹn. Èyí tí a ń fi aṣọ àti téèpù bò mọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí a rí ju ohun tí a ti fẹ́ rí tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo ní ẹ̀gbọ́n bíi Ràbí, èmi ni mo rán ènìyàn lọ wá Ràbí nílé ẹlòmíì. Obìnrin tó ń wọn aṣọ fi ìmí ẹyọ kan sọ ohun tí èmi kò lè sọ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ó sì sọ ọ́ fún àlejò.

Lẹ́yìn tí mo purọ́ fún ọ tán, oúnjẹ kò lọ mọ́. Mo fara dà á títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá bàbá rẹ níwájú ilé lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó ń bó ọsàn.

Mo ní, "Mo purọ́ fún Àmọ̀kẹ́."

"Mo mọ̀. Mo wà nínú yàrá nígbà tí o ń pa á."

"Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Obìnrin tó wà ní Bàbáńlá yẹn, Ràbí..."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni," ló wí, kò tíì gbé ojú kúrò lára ọsàn.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ní, "Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Kí a tó so yìgì. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lo mọ ìwádìí ni? Ìyá mi rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Bàbáńlá pé kó lọ ra ẹ̀lùbọ́. Ràbí ló bá a gbé e rù. Ó ní, 'Ṣé ilé ọkọ àbúrò mi lẹ ti wá?' Obìnrin náà wá ròyìn fún ìyá mi."

"Kí ni ìyá yín wí?"

"Ó ní ẹni tó lè gbé ẹrù fún àlejò, kò sí ohun tó ṣe é tó ń ba òun lẹ́rù. Ó ní èyí tó fi í pamọ́ ló ń ba òun lẹ́rù."

Mo wá ní, "Kí ló dé tí ẹ kò fi bi mí?"

Ó fún mi ní ìdajì ọsàn. Ó ní, "Bí mo bá bi ọ́, wàá tún purọ́. Mi ò fẹ́ fi ọwọ́ ara mi tì ọ́ sínú rẹ̀. Mo ní kí n dúró."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi dúró, Àmọ̀kẹ́. Bàbá rẹ tí kò lè dúró de ọbẹ̀ kó hó. Bí o bá ń wá ohun tí ìfẹ́ jẹ́, n kò ní ìmọ̀ràn tó ju èyí lọ: ẹni tó mọ ọ́, tó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ kí o lè fẹsẹ̀ ara rẹ rìn wá sọ fún un. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Hákíìmù dúró tó bẹ́ẹ̀. Ó burú láti jẹ́ ẹni tí wọ́n dúró dè.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ sí Bàbáńlá. Ara Ràbí ti balẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń lo oògùn láìṣẹ́kù. Mo jókòó tì í níbi tó ti ń pa ẹ̀pà, mo bá a pa díẹ̀, mo fi Ìgbómìnà mi tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ sọ ohun gbogbo fún un. Nítorí rẹ̀ ni mo fi ń jókòó sẹ́yìn àwọn ọmọ kékeré láti ọdún tó kọjá, bí o kò bá tíì mọ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lè sọ ọ́ fún ọ. N ó kọ èsì rẹ̀ ní Yorùbá ìwé, torí n kò tíì mọ bí a ti ń kọ tiwa sílẹ̀.

Ó ní, "Ṣé Àmọ̀kẹ́ tí irun rẹ̀ rọ̀ yẹn?"

Mo ní, "Òun ni."

"Ṣé ó fẹ́ lọ sílé ọkọ ni?"

"Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, tí àwọn ará ibẹ̀ bá sì gbà."

Ó pa ẹ̀pà bíi mélòó kan. Ó wá ní, "Lọ́jọ́ náà, má jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ sóko."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tó wà lọ́jọ́ yìgì mi.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ nìyí. Tú lẹ́tà yìí fún ìyá Hákíìmù, níṣojú ọmọ rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀. Má tún un ṣe fún mi. Ibi tí mo ti burú, jẹ́ kó burú bẹ́ẹ̀. Sọ fún un pé obìnrin tó gbé aṣọ wá kò jẹ̀bi, kó bá mi dá aṣọ rẹ̀ padà fún un. Bí òun náà bá fẹ́ rán ẹni wá wádìí wa, kó rán an. Mo ti sọ fún agbo ilé wa pé ohunkóhun tí àlejò bá bèèrè, kí wọ́n dáhùn, kí wọ́n sì pe Ràbí jáde wá kí i. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ṣe mọ́ nítorí mi, n ó gbà á, n ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá bèèrè pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n mọ̀ mí kí wọ́n sì kọ̀ mí, ju kí wọ́n gba ẹni tí mo dá sílẹ̀ fún wọn.

Kí Ọlọ́hun má ṣe fi ojú tèmi wò ọ́. Kó jẹ́ kí ẹ̀rín tuntun yẹn pẹ́ lẹ́nu rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Múlíkà,
àbúrò Ràbí.